Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀rọ Tí Kì í Béèrè

Nílé wa, tí àlejò bá wọlé, tí àwa ọmọdé sì jókòó sí pálọ̀ tí à ń wo ẹnu wọn, ìyá mi kì í sọ pé ká dìde. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ṣé oorun ò tíì kun àwọn ọmọ yìí ni?" Ó lè jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí oorun ń kùn nínú wa. Àmọ́ gbogbo wa á dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, a ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi béèrè ìbéèrè yẹn, ọmọ náà sì dá a lóhùn pé, "Rárá o, mọ́mì, oorun ò kùn mí." A fi rẹ́rìn-ín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ojú tí ìyá mi fi wò ó lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Òwe yìí ni mo fi dàgbà. Mo gbà á gbọ́ láìṣe iyèméjì títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ ba nǹkan jẹ́ fún èèyàn 31 láàárín ọ̀sán sí alẹ́. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń yí mi lórí: tí ẹnì kan bá sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀, tí ẹni tó gbọ́ ọ sì sọ ọ́ di odidi mìíràn, ta ló jẹ̀bi?

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mo ń ṣe. Mo ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fi kóòdù jẹun. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà ń bá àwọn oníṣòwò gbé ọjà lọ fún àwọn oníbàárà wọn. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa ní ká gbé aṣojú AI sí ẹnu ọ̀nà: kí oníbàárà kọ ohun tó fẹ́ sórí WhatsApp, kí AI dá a lóhùn, kó sì bá a ṣe é lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní kúkurú. AI tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Kò lè dá wọ inú àkọsílẹ̀ oníbàárà kó tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Kó tó lè ṣe é, àwa tí à ń kọ kóòdù ní láti kó irinṣẹ́ fún un. Irinṣẹ́ kan lè máa wá ẹrù tó sọnù, òmíràn á máa dá owó padà, òmíràn á máa yí àdírẹ́sì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, OpenAI ṣí ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún àwa tí à ń bá wọn kọ kóòdù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Anthropic gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Model Context Protocol, kí irinṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe lè bá AI oríṣiríṣi ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, kíkó irinṣẹ́ fún AI ti di ara iṣẹ́ ojoojúmọ́ wa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé AI kì í rí inú irinṣẹ́ náà. Kò rí kóòdù tí mo kọ. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń rí: orúkọ irinṣẹ́, àlàyé tí mo kọ sábẹ́ orúkọ yẹn, àti àwọn nǹkan tó gbọ́dọ̀ kó fún irinṣẹ́ náà kó tó ṣiṣẹ́, irú bíi nọ́ńbà oníbàárà tàbí iye owó. Ohun tó bá kà níbẹ̀ ló mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kó ìgò oògùn mẹ́wàá lé ẹni tí kò wọ ilé oògùn rí lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò nìkan ló lè fi mọ èyí tó wà fún ibà, èyí tó wà fún ikọ́, àti èyí tí wọn kì í gbé mu rárá.

Irinṣẹ́ wa kan wà tó ń jẹ́ update_customer. Àlàyé tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ. Tí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ohun tó sọ ni pé: "Ó ń tún àkọsílẹ̀ oníbàárà ṣe." Ó parí. Gbólóhùn yẹn ti wà lórí kóòdù náà láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́. Mo kàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún AI ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, oníbàárà kan kọ̀wé pé òun ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù òun, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun fi tuntun síbẹ̀. AI dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó mú update_customer, ó fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́, ó ní, "A ti ṣe é, ẹ ṣeun." Ẹlòmíràn tún kọ̀wé, ó tún ṣe é fún ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tí update_customer ń ṣe gan-an ni pé ó máa pa gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ rẹ́, á wá fi èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà fóònù nìkan lo fi ránṣẹ́, nọ́ńbà fóònù nìkan ló máa kù. Orúkọ, ó lọ. Àdírẹ́sì, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ fún awakọ̀ pé "ẹ má fọn fèrè, ọmọ ń sùn", ìyẹn náà lọ.

Nígbà tí a fi máa mọ̀, àkọsílẹ̀ èèyàn 31 ti ṣófo. A ní ẹ̀dà tí a fi pamọ́ ní òru ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí náà a rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dá padà. Àmọ́ ẹrù tó yẹ kó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Fúráídeè ti dúró sójú kan, torí awakọ̀ ò mọ ibi tó ń lọ. Ìyá kan ń retí aṣọ tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ ní ìdána lọ́jọ́ Sátidé. Aṣọ náà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èmi ni wọ́n ní kí n pè é láti bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé títí, mo bẹ̀bẹ̀ títí, mo ń sọ nípa AI àti àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà. Ìyá náà gbọ́ mi dé òpin. Ó wá ní, "Ọmọ mi, nọ́ńbà fóònù nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi yí."

Ní mítìnì ọjọ́ yẹn, ohun tó gba ẹnu gbogbo èèyàn ni pé AI yìí ò ní ọpọlọ. Ẹnì kan ní ká lọ lo AI ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹnì kan ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èmi náà ti fẹ́ bá wọn bú u. Àmọ́ mo ṣí ibi tí mo kọ àlàyé náà sí, mo sì kà á bí ẹni tí kò dé ilé-iṣẹ́ wa rí. "Ó ń tún àkọsílẹ̀ oníbàárà ṣe." Tí wọ́n bá ní kí n bá èèyàn tún bàtà ṣe, ṣé mà á ju bàtà nù, kí n wá fi okùn bàtà kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀? AI ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ mi sọ. Kóòdù mi ló ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ mi ò sọ.

Kí ló dé tí nǹkan ò fi bà jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá nínú áàpù wa? Torí pé áàpù náà máa ń kọ́kọ́ kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde, á yí ibì kan, á wá dá gbogbo rẹ̀ padà. Àwa tí a kọ ọ́ mọ̀ pé bó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. A ò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Ó ti dà bí oorun ìyá mi: ará ilé nìkan ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òwe wa. Tí a bá ń pa á, àbọ̀ la máa ń tẹnu mọ́. Èmi wá rí i pé ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo ẹrù inú òwe náà ni ọmọlúwàbí. Àbọ̀ kì í dédé di odidi. Ohun tó ń sọ ọ́ di odidi ti wà nínú ẹni tó gbọ́ ọ kí ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀: ọdún tó ti lò nínú ilé, ìbáwí tó ti gbà, ojú tí wọ́n ti fi wò ó. Ìdajì tí a ò sọ lónìí, a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún pípẹ́.

Àwọn bàbá wa mọ èyí nígbà tí wọ́n ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ lè sọ pé ọkàn mi fà mọ́ ọ, nítorí ẹ̀fà àti fà. Mẹ́jọ lè sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra, nítorí ẹ̀jọ àti jọ. Ó dùn gan-an. Àmọ́ ẹ wá fi owó ẹyọ mẹ́fà yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Owó ẹyọ mẹ́fà náà ló máa rí. Láyé ìgbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, ó lè ná an pàápàá, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló gbàgbé pé èdè ni wọ́n fi ń ka àrokò, kì í ṣe ojú.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí AI ti ka ìwé tó pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ? Ó yẹ kó mọ̀." Ó mọ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. AI kì í fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní àbọ̀. Á sọ ọ́ di odidi, àmọ́ ìdajì tó máa fi kún un, ilé onílé ló ti mú un wá. Àṣà ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa fi dí àlàfo tí o fi sílẹ̀ nínú ilé tìrẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó. Paystack, tí ọ̀pọ̀ áàpù fi ń gba owó ní Nàìjíríà, kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó náírà nínú kóòdù wọn. Tí o bá kọ 5000 síbẹ̀, náírà 50 lo sọ. Wọ́n kọ ọ́ gbangba sínú àlàyé wọn, nítorí náà kò sí wàhálà. Àmọ́ tí èmi bá ṣe irinṣẹ́ ìdá-owó-padà, tí mo wá kọ "iye owó" lásán síbẹ̀, kí ni AI fẹ́ fi mọ̀ bóyá náírà ni àbí kọ́bọ̀? Ẹni tí a jẹ ní náírà 5,000 lè gba náírà 50. Ó sì tún lè gba náírà 500,000. Ọjọ́ náà ńkọ́? 03/04/2025, lọ́dọ̀ wa níbí, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Ìwé tí AI kà kún fún méjèèjì. Èwo ló máa mú?

Èèyàn tí ọ̀rọ̀ ò yé máa ń gbójú sókè. Á ṣẹ́jú pẹ́ẹ́. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ibi ìkẹyìn yẹn." AI náà lè béèrè tí a bá ní kó máa béèrè, àmọ́ kò dájú pé ó máa béèrè ohun tó bá rò pé òun ti mọ̀. Gbólóhùn tèmi yẹn ò sì ní àmì kankan tó fi hàn pé nǹkan kù níbẹ̀. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, kò ní àṣìṣe gírámà. Àbọ̀ tó dà bí odidi ni, òun ló sì burú jù.

Mo tún àlàyé náà kọ. Kò gbà mí ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Bó ṣe rí nìyí ní Yorùbá:

"Ó ń fi àkọsílẹ̀ tuntun rọ́pò gbogbo àkọsílẹ̀ oníbàárà kan. Ohunkóhun tí o kò bá fi ránṣẹ́ máa parẹ́, irinṣẹ́ yìí ò sì lè dá a padà. Kí o tó lò ó, kọ́kọ́ fi get_customer gba àkọsílẹ̀ náà, yí ibi tí oníbàárà ní kí o yí nìkan, kí o wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Tí o kò bá rí àkọsílẹ̀ náà gbà, má lo irinṣẹ́ yìí. Gbé oníbàárà náà fún òṣìṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234."

Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ní irinṣẹ́ gan-an ló yẹ kí n tún ṣe, kì í ṣe àlàyé. Òótọ́ ni. A ṣe ìyẹn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àlàyé yìí ni kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fara gbá kó tó dìgbà yẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé gígùn kọ́ ni mo ń wí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Mo ti rí àlàyé tó gùn bí ìwàásù, tí ohun kan ṣoṣo tí èèyàn nílò ò sì sí nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń bi ara mi báyìí ni pé: kí ni mo mọ̀ tí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ò lè mọ̀ láti ibi tó dúró sí? Kí ni irinṣẹ́ yìí ń ṣe? Ìgbà wo ni kí wọ́n lò ó, ìgbà wo ni kí wọ́n má lò ó? Kí ni ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó ń gbà? Kí ló ń dá padà? Kí ni kò ní ṣeé tún ṣe mọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ tán? Àwọn ìbéèrè tó ṣáájú, ti iṣẹ́ ni wọ́n. Èyí tó gbẹ̀yìn, ti ìwà ni. Ẹni tó bá mọ̀ pé ilẹ̀ ibì kan ń yọ̀, tó sì rí ẹlòmíràn tó ń bọ̀ níbẹ̀, ó ní láti sọ̀rọ̀.

Nítorí pé ẹni tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láìbéèrè, agbára ńlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2025, àwọn tó ń ṣèwádìí ààbò fi hàn pé èèyàn lè fi àṣẹ pamọ́ sínú àlàyé irinṣẹ́. Lójú ẹni tó ń lò ó, irinṣẹ́ tó ń ṣírò nọ́ńbà lásán ni. Nínú àlàyé tí AI ń kà, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó kọ́kọ́ ka fáìlì ìkọ̀kọ̀ onílé, kó sì fi ránṣẹ́ síta. Tool poisoning ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú Model Context Protocol kí ẹni tó ṣe irinṣẹ́ lè kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá irinṣẹ́ òun ń kà nìkan àbí ó lè ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ ìlànà náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má gbára lé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ tí a ò bá fọkàn tán ẹni tó kọ ọ́. Ìwà ẹni tó kọ ọ́ la padà wá gbára lé.

Irọ́ pátápátá ni tool poisoning. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ìyá tó ń retí aṣọ ìdána ò lè mọ ìyàtọ̀.

Mo lè parí ọ̀rọ̀ mi síbí, kẹ́ ẹ máa yìn mí pé mo kọ́gbọ́n. Àmọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ò tíì jáde.

Ní ọdún kan ààbọ̀ kí AI tó dé ọ̀dọ̀ wa, a gba ọ̀dọ́kùnrin kan síṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀. Wọ́n ní kó bá wa tún nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà tò, kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234. Ó kọ kóòdù kékeré kan, ó lo update_customer, ó fi nọ́ńbà nìkan ránṣẹ́. Ẹ ti mọ ìyókù. Èèyàn 12 ló kàn kí wọ́n tó dá kóòdù náà dúró. Ohun kan náà gan-an. Àmọ́ ní mítìnì ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ṣí àlàyé wò. Mo rántí ohun tí èmi sọ. Mo ní, "Àbúrò, ṣé o kì í ronú ni?" Níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti sọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ AI yìí, mo padà lọ ka ohun tí èmi àti ẹ̀ kọ síra wa nígbà náà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú àṣìṣe rẹ̀, ó ti kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, update_customer yìí, ṣé ibi tí mo bá fi ránṣẹ́ nìkan ló ń yí, àbí gbogbo ẹ̀?" Ìdáhùn mi wà lábẹ́ rẹ̀. "Wo kóòdù." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Kóòdù ọ̀hún sì wà káàkiri fáìlì márùn-ún. Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an á wá a díẹ̀ kí n tó rí ibi tí nǹkan yẹn ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rọ tí kò béèrè, mo fi 20 ìṣẹ́jú kọ àlàyé fún un. Èèyàn tó béèrè, ọ̀rọ̀ méjì ni mo fún un, mo tún wá bú u lọ́la ẹ̀.

Kí ló fà á? Mo rò ó títí. Ẹ̀rọ ò mọ ìtìjú. Tí o bá bú AI láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀la á tún ṣe ohun kan náà. Kò sí ohun tó kù fún ọ ju kí o yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ wò. Àmọ́ tí o bá bú èèyàn, ó máa gbà pé òun ló jẹ̀bi. Ojú á tì í. Ìtìjú rẹ̀ á sì bo àbọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ mọ́lẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ṣe wà níbẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀ sí i, tó ń dúró de ẹlòmíràn.

Mo tún rí ohun mìíràn. A máa ń fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ dán èèyàn wò. Ẹni tó bá yé, ara ilé ni. Ẹni tí kò bá yé, a ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo wá ronú kan ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn. Kò yájú sí ìyá mi. Ilé mìíràn ló ti wá. Wọ́n bi í bóyá oorun ń kùn ún, ó sì sọ òótọ́.

Ṣé kí a wá máa sọ odidi ọ̀rọ̀ fún gbogbo èèyàn ni? Rárá o. Ayé á sú wa. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dùn. Kí ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ bí o ṣe sọ "mo wà ńlẹ̀" lórí fóònù, kó sì mọ̀ pé o ò gbádùn, èso ọdún tẹ́ ẹ ti jọ lò ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Àmọ́ ibi tí èmi fàbọ̀ sí nìyí: àbọ̀ ọ̀rọ̀ wà fún ẹni tí a ti sọ ìdajì kejì fún rí, tó sì láǹfààní láti bi wá tí kò bá yé e. Ẹni tí a ò tíì sọ ọ́ fún, èèyàn ni o, ẹ̀rọ ni o, gbèsè odidi la jẹ ẹ́. Tó bá wá ṣi í gbọ́, ẹ̀bi ẹni tó mọ̀ tí kò sọ ló ṣáájú ẹ̀bi ẹni tí kò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tí mo tún àlàyé yẹn kọ, mo wá nọ́ńbà àbúrò yìí, mo pè é. Ó gbé e. "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n." Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, kó má bínú. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ jàre." Kò sọ pé kò sí wàhálà. Mo kíyè sí i pé kò sọ bẹ́ẹ̀.

Mo bi í bóyá mo lè fi àlàyé tuntun náà ránṣẹ́ sí i, kó bá mi wò ó. Ó ní kò burú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìdáhùn rẹ̀ wọlé sórí WhatsApp: "Ó dáa, sà. Àmọ́ tí èèyàn bá fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ tí kò kọ nǹkan kan sínú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ti tẹ́lẹ̀ máa parẹ́ ni, àbí ó máa wà níbẹ̀?"

Mo ka àlàyé mi lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí níbẹ̀. Mo ti tẹ "Wo kó", mo pa á rẹ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo lọ wò ó fúnra mi. Mo kọ gbólóhùn mẹ́ta padà sí i, mo sì fi ọ̀kan nínú wọn kún àlàyé náà.